Asẹ́ Tó Dojú Kọ Òpó

Ọjọ́ Kẹrin, Oṣù Kejì

Ìjì ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí òtútù tó ń bá ọ fínra níbẹ̀. Ìyá rẹ kí ọ. Ilé wà bí o ṣe fi í sílẹ̀, àyàfi òrùlé ẹ̀yìn tí mo rò pé yóò jò bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò jò rí.

Mo ti kí ọ tán. Ó ku ìjà.

Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi tí o bá pè, a ó kí ara wa dáadáa. O ó béèrè ẹ̀jẹ̀ ríru mi, n ó dá ọ lóhùn. O ó béèrè bóyá búrẹ́dì ìyá rẹ tà, n ó ní ó tà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ní, “Ìjì, ìgbà wo lo ń bọ̀ wálé?” fóònù á gé. Nígbà tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, mo ní kò burú. Ó tún ṣẹlẹ̀, ó tún ṣẹlẹ̀, mo wá mọ̀ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò gbọ́ èdè débi tí yóò fi mọ ìbéèrè tí yóò máa gé.

Gbọ́ ohun tó wà nílẹ̀. Ojú ọ̀tún ìyá rẹ ti funfun bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì. Tòsì ti ń tẹ̀lé e. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó nawọ́ sí ẹnu ààrò búrẹ́dì, ó rò pé ó ṣì jìnnà, irin gbígbóná sì jó o lọ́rùn ọwọ́. Dókítà ojú ní kí a jẹ́ kí òun ṣe iṣẹ́ abẹ náà kí oṣù Kẹfà tó parí. Bó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, òun kò lè ṣèlérí pé yóò ríran mọ́. Èmi ti gbà. Ìyá rẹ kò gbà. Ó ní òun kò ní dùbúlẹ̀ fún ọ̀bẹ ẹnikẹ́ni àfi bí Ìjì bá wà nílé. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bínú sí i, mo ní kí télọ̀ iwájú ilé bá mi bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí télọ̀ lọ rán aṣọ rẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń béèrè nìyẹn. Kì í ṣe ohun tó wà nínú àpò rẹ ni mo ń wá. Ṣé o ń bọ̀, àbí o kò bọ̀? Kọ ọ́ sínú lẹ́tà, ibi tí o kò ti lè gé mi.

Èmi bàbá rẹ tí oorun ti sá fún.


Ọjọ́ Kejìlélógún, Oṣù Kejì

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, mo kúnlẹ̀ kí Màmá. Ẹ jẹ́ kí n dìde báyìí, torí inú ń bí mi, n kò sì lè wà lórí ìkúnlẹ̀ kí n máa bínú.

Ẹ pè mí ní òpùrọ́. Ẹ ò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo ṣe kà á nìyẹn. Láti ìdájí ni mo ti ń lọ aṣọ ibùsùn òtẹ́ẹ̀lì títí ẹsẹ̀ mi á fi wú. Ọjọ́ Ìsinmi tó yẹ kí n nà gbalaja, ẹ̀yin ni mo fi ń pè. Kí ni mo sì ń gbọ́? “Àlóò! Ìjì! Ṣé o ń gbọ́ mi? Àlóò!” Ìdajì ọ̀rọ̀ yín ń rì sómi. Inú kòtò ni ilé yín wà. Páànù ni òrùlé rẹ̀. Òpó fóònù wà lẹ́yìn ibi ìlapákó, pákó tí wọ́n sì tò jọ síbẹ̀ ga ju ilé lọ. Èmi ni mo tò ó ni?

Ẹ ò fẹ́ lo fóònù télọ̀ tó wà lẹ́bàá títì, ẹ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kún fún etí. Ó dáa. Ẹ ṣe ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, kí á wá wo ẹni tó ń purọ́. Ọkùnrin tó ń tún àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ wa ṣe ló kọ́ mi, abẹ́ ilẹ̀ ni yàrá mi wà, ọgbọ́n náà ni mo ń lò níbí.

Ẹ mú asẹ́ irin tí ikùn rẹ̀ jìn, èyí tí Màmá fi ń jọ ìyẹ̀fun. Ẹ fi bébà fọ́ìlì tẹ́ inú rẹ̀, kí ó dán, kí ó má hunjọ. Ẹ so ó mọ́ ẹ̀yìn àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta, kí ẹnu rẹ̀ dojú kọ òpó. Ẹ wá fi igi àti okùn gbé fóònù dúró níwájú rẹ̀, ní àárín gbùngbùn, bí ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sí ikùn asẹ́. Ẹ máa sún un síwájú sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa wo àwọn igi kéékèèké tó wà lókè ojú fóònù. Ibi tí wọ́n bá ti pọ̀ jù ni kí ẹ dè é sí. Asẹ́ náà á máa kó sígínà jọ sójú kan, bí ẹni tó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ láti bu omi. Ẹ má gbé fóònù kúrò níbẹ̀ o. Íyápíìsì ni kí ẹ fi sọ̀rọ̀.

Ẹ sọ fún Màmá pé mo ní kí wọ́n lọ ṣe ojú wọn. Kí ẹ̀yin náà sì yé é ṣọ́ òrùlé tí kò jò.

Ọmọ yín, Ìjì.


Ọjọ́ Kẹrìndínlógún, Oṣù Kẹta

Ìjì,

Lónìí n kò kí òtútù. Kí ó máa bá ọ fínra lọ.

Mo ti ṣe ohun tí o ní kí n ṣe, láti ìgbà náà fóònù mi kò dún mọ́. Kí n tó gba ìmọ̀ràn rẹ, ìdajì ọ̀rọ̀ ni mo ń gbọ́. Mo gbà á tán, n kò gbọ́ ẹyọ kan.

Jẹ́ kí n rò ó fún ọ, kí o má baà ní n kò ṣe é dáadáa. Ogun ni mo fi gba asẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ. Ó ní, “Kí wá ni n ó fi jọ ìyẹ̀fun? Ṣé fìlà yín ni?” Mo ní nítorí ọmọ rẹ̀ ni. Ó ní ọmọ òun kò sí nínú asẹ́. Mo ṣáà gbé e. Láti ọjọ́ náà ni ìyẹ̀fun ti ń dì ní kókó nínú búrẹ́dì rẹ̀. Olùkọ́ kan tó máa ń rà á ti gbé tirẹ̀ padà wá, ó ní eyín òun ṣì wúlò fún òun.

Mo tẹ́ fọ́ìlì sínú asẹ́ bí o ṣe wí. Mo so ó mọ́ àga. Mo wá jókòó, mo ronú. Bí fọ́ìlì tó wà lókèèrè bá lè kó sígínà jọ, èyí tó bá lẹ̀ mọ́ fóònù lára ńkọ́? Ṣé kò ní kó jù bẹ́ẹ̀ lọ? Ó tún ku òjò tó lè dé lójijì, ó ku olè, ó ku ìyẹ̀pẹ̀ pákó tó ń fò wá láti ibi ìlapákó. Nítorí náà, mo wé fóònù náà ní fọ́ìlì tiwájú tẹ̀yìn, mo tún un wé, mo gbé e sínú agolo bisikíìtì, mo dé e pa, mo so agolo síwájú asẹ́. Afẹ́fẹ́ pàápàá kò lè wọ ibẹ̀. Iṣẹ́ tó mọ́ ni.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo jókòó tì í láti ìgbà tí a jẹun àárọ̀ tán títí oòrùn fi wọ̀. Kò dún. Ìsinmi kejì, kò dún. Télọ̀ kọjá, ó ní, “Bàbá, ṣé àwọn ará inú òṣùpá lẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀ ni? Ẹ bá mi kí wọn o.” Mo ní kó lọ wá ẹsẹ̀ kejì ṣòkòtò tó rán fún mi, torí ẹsẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ.

Ṣé ara rẹ kò yá ni? Ṣé wọ́n ti lé ọ níbi iṣẹ́? Ṣé nǹkan ti ṣe ọ́ tí wọn kò mọ ẹni tí wọn yóò sọ fún? Mo ń ro gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n bí ara rẹ bá le, tí o kàn gbé mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí òmùgọ̀ kí ẹnu mi lè pa mọ́, mọ̀ dájú pé kò pa mọ́. Ìgbà wo lo ń bọ̀?

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ Kejì, Oṣù Kẹrin

Bàbá,

Ẹ kú ìjókòó ti agolo.

Ẹ wé e? Ẹ wé fóònù ní fọ́ìlì, ẹ tún un wé, ẹ tún gbé e sínú agolo, ẹ tún dé e? Mo ka ibẹ̀ lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, ìgbà tó yá mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni mọ́.

Fọ́ìlì ń dá sígínà padà ni, Bàbá. Bó bá wà lẹ́yìn fóònù, èyí tó fẹ́ kọjá lọ á kọlù ú, á padà sínú fóònù. Bó bá yí fóònù ká, kò sí ìkankan tí yóò wọlé. Ẹ tilẹ̀kùn mọ́ mi lójú, ẹ wá jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹ ń bú mi pé n kò wọlé.

Ṣé ẹ mọ ohun tí ojú mi rí? Mo pè, ẹ̀rọ ní kò sí yín. Mo tún pè, kò sí yín. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru ti gbé bàbá mi lọ. Mo gbé áyọ́ọ̀nù lé aṣọ ibùsùn, mo gbàgbé e síbẹ̀ títí èéfín fi rú. Ọ̀gá mi obìnrin ní, “Ṣé kí n bá ọ gbé ìrọ̀rí wá, kí o kúkú sùn lé e?” Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní n ó san aṣọ náà. Télọ̀ ni mo padà pè. Ó ní, “Bàbá yín? Wọ́n wà níta. Wọ́n ń ṣọ́ agolo.”

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lo ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n bó ṣe wà, ẹ má bu tiyín lé e. Ẹ tú fóònù sílẹ̀. Ẹ gbé agolo sọnù. Kí asẹ́ wà lẹ́yìn, kí fóònù wà ní ìhòòhò níwájú. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni n ó máa pè títí yóò fi wọlé.

Ẹ má bínú bí ẹnu mi bá gùn. Ẹ̀rù ló bà mí.

Ìjì.


Ọjọ́ Kọkànlélógún, Oṣù Kẹrin

Sí ọmọ mi tó ń lọ aṣọ,

O rántí ìpè ọjọ́ Ìsinmi. Èmi náà rántí rẹ̀.

Asẹ́ rẹ ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ṣe dáadáa ni a ń yìn. Igi márààrún dúró ṣánṣán lójú fóònù. Mo gbọ́ ọ bí ẹni pé o jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì. Mo gbọ́ nígbà tí o gbé ife kalẹ̀. Mo gbọ́ ẹnìkan tó ń fọ abọ́ lẹ́yìn rẹ. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti pariwo. Mo wá rọra béèrè, mi ò gbé ohùn sókè rárá: “Ìjì, ojú ìyá rẹ ń lọ. Ìgbà wo lo ń bọ̀?”

Mo gbọ́ èémí rẹ. Mo gbọ́ ọ tí o fà á sínú. Lẹ́yìn ìyẹn, fóònù gé.

Mo wo ojú rẹ̀. Igi márààrún ṣì wà níbẹ̀. Mo pè ọ́ padà, ó dún títí, o kò gbé e. Fóònù tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá pa kì í dún, Ìjì. Ìwọ lo fún mi ní ohun tí mo fi mú ọ.

Ìyá rẹ wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, “Ó gé e mọ́ mi lẹ́nu.” Ó ní, “Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.” Mo ní kó wá wo igi. Ó ní òun kò rí igi kankan, ojú òun kò dá. Ó sì wọlé lọ.

Mo fi ọdún gbọọrọ ṣe akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ omi. Àwọn ènìyàn á wá bá mi, wọ́n á ní omi kò dé ọ̀dọ̀ àwọn, a ó débẹ̀, a ó rí i pé àwọn fúnra wọn ló ti ẹ̀rọ pa. Kò sí ohun tó ń bí mi nínú tó ìyẹn. N kò mọ̀ pé n ó bí ọ̀kan nínú wọn.

Mo ti tú asẹ́. Mo ti dá a padà fún ẹni tó ni í. Má pe ilé yìí mọ́ títí o ó fi ní èsì.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ Kẹfà, Oṣù Karùn-ún

Ìjì,

O kò fèsì. Mo ní kí o má pè, n kò ní kí o má kọ̀wé.

Dókítà ti mú ọjọ́, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹfà. Ìyá rẹ ní kó mú un padà. Lánàá ó da iyọ̀ sínú ìyẹ̀fun níbi tó yẹ kó da ṣúgà sí, gbogbo ààrò kan ṣòfò. Kò sunkún. Ó fọ ọwọ́, ó jókòó sí ìdí ògiri, ó ń pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀.

Bí o bá kórìíra mi, má fi ojú rẹ̀ gbẹ̀san.


Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Karùn-ún

Bàbá mi,

Mo kí yín. Lẹ́tà yín méjèèjì ló wà níwájú mi. Ẹ̀yìn iṣẹ́ ni mo ń kọ èyí, ọwọ́ mi ṣì gbóná, kí ẹ má bínú sí bó ṣe rí wúruwùru.

Èmi ni mo gé e. Ní gbogbo ìgbà, èmi ni. Mo rò pé asẹ́ kò ní ṣiṣẹ́ nílé yín, mo kàn fẹ́ kí ọwọ́ yín dí.

Ẹ gbọ́ èsì tí ẹ ń wá. Ìwé ìgbélùú mi wà lọ́wọ́ ìjọba níbí. Bí mo bá jáde kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, wọn kò ní jẹ́ kí n wọlé mọ́, gbogbo ìyà tí mo ti jẹ á di òfo. N kò mọ ìgbà tí wọn yóò fọwọ́ sí i. Kò sí ẹni tó mọ̀. N kò lè wá.

Màmá mọ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀. Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ni wọ́n ti máa ń bá mi sọ̀rọ̀, nígbà tí wọ́n bá ní àwọn ń lọ gbé búrẹ́dì fún oníbàárà. Àwọn ni wọ́n ní kí n má sọ fún yín. Ẹ fẹ́ bínú? Ẹ dúró kí n sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ rántí ìgbà tí mo wúkọ́ lórí fóònù. Ikọ́ lásán. Ẹ lọ bá dókítà yín, ẹ lọ bá oníwàásù, ẹ lọ bá ọkùnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń gbé òkú wálé. Bàbá! Mo wà láàyè, mo ń jẹ ọsàn! Ẹ ò jẹun fún odidi ọ̀sẹ̀, Màmá ló ń fi ṣíbí bẹ̀ yín. Kò sí nǹkan tí a lè sọ fún yín tí kò ní di àìsàn. Ẹ̀rù yín ni gbogbo wa ń gé fóònù fún.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó dùn mí jù. Ẹ rò pé Màmá ń dá iṣẹ́ abẹ dúró nítorí pé wọ́n fẹ́ kí n di ọwọ́ wọn mú. Wọn ò bẹ̀rù ọ̀bẹ. Ohun tí wọ́n sọ fún mi rèé: “Bí mo bá wọ yàrá yẹn, ta ni yóò jókòó ti bàbá rẹ níta? Kí n tó jáde, á ti sin mí tán lọ́kàn ara rẹ̀.” Nítorí tiyín ni wọ́n fi ń fẹ́ mi nílé. Ojú wọn ń fọ́ lọ nítorí kí ẹ má baà dá jókòó.

Ó ti jáde lẹ́nu mi. N kò lè kó o padà.

Mo bẹ̀ yín, ẹ gbé asẹ́ padà síta. Ẹ jẹ́ kí n bá Màmá sọ̀rọ̀ láìsí ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kí n rọ̀ wọ́n. Kì í ṣe ní ṣọ́ọ̀bù. Nínú ilé wọn.

Ìjì yín.


Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹfà

Ìjì ọmọ mi,

Mo kí ọ. Inú ṣì ń bí mi, ṣùgbọ́n mo kí ọ.

Nígbà tí mo ka lẹ́tà rẹ tán, mo wọlé bá ìyá rẹ níbi tó ti ń po ìyẹ̀fun. Mo ní, “Ṣé lóòótọ́ ni?”

Ó ní, “Èwo nínú rẹ̀?”

Èsì yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Mo ní, “Ẹ ń sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀, ẹ sì ń fi èmi ṣe òmùgọ̀.”

“A ń jẹ́ kí ẹ sùn ni.”

“Ta ló sùn? N kò sùn láti oṣù Kejì!”

“Ẹ ò gbọ́ nǹkan kan, ẹ ò sùn. Ká ní ẹ wá gbọ́ ńkọ́?”

Kò sí ohun tó bí mi nínú tó ìbéèrè yẹn láti ìgbà tí mo ti délé ayé. Mo jáde lọ ṣọ́ òrùlé. Bẹ́ẹ̀ ni, o lè máa rẹ́rìn-ín. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, kò sì jò.

O mọ ìyókù, ṣùgbọ́n o kò mọ tèmi. Lọ́jọ́ Ìsinmi tí o pè, ìyá rẹ ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé asẹ́ fún mi. Mo dè é mọ́ àga, mo gbé fóònù síwájú rẹ̀, mo fa okùn íyápíìsì gba ojú wíńdò wọlé fún un níbi tó jókòó sí. Atẹ́gùn dé, ó ń yí asẹ́ kúrò lójú òpó, igi ń relẹ̀. Mo ní kó má baà gé, kí o wá ní èmi ni mo gé e. Mo dìde, mo fi ọwọ́ méjèèjì di asẹ́ mú. Nígbà tí mo wá gbọ́ ìyá rẹ tó ní, “Ìjì mi,” mo fi ìgbúnwọ́ ti wíńdò pa, mo fi àyè okùn nìkan sílẹ̀.

N kò gbọ́ nǹkan kan. Mo dúró síbẹ̀ títí apá mi fi kú. Télọ̀ dé, ó ní, “Háà, Bàbá, ẹ ti wá di òpó fúnra yín.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kó kúrò níwájú mi, ó ń dí sígínà. Mo ń wo ẹnu ìyá rẹ láti ojú gíláàsì. Ó sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó nu ojú. Ó rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan. Mo fẹ́ mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín. N kò béèrè. Mo ṣì fẹ́ mọ̀ ọ́n.

Nígbà tó jáde, ó ní, “Ẹ lọ sọ fún dókítà pé mo ń bọ̀. Ṣé ẹ ó lè dá jókòó?” Mo ní n ó lè dá jókòó. Ó ní kí n má yọ àwọn nọ́ọ̀sì lẹ́nu. Mo ní n kò ní yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Ìta yàrá iṣẹ́ abẹ ni mo ti ń kọ èyí. Wọ́n gbé ìyá rẹ wọlé ní àárọ̀. Mo dá jókòó. Irọ́ ni mo pa fún un, ẹ̀rù ń bà mí, mo sì ti yọ nọ́ọ̀sì kan lẹ́nu, èyí tó ga. Asẹ́ wà lórí itan mi. Mo gbé e wá nítorí n kò mọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibí ṣe rí. Nọ́ọ̀sì náà bi mí bóyá ìyẹ̀fun ni mo wá tà. Mo ní kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Inú ń bí mi sí ìwé rẹ, àti àwọn tí kò fọwọ́ sí i. Inú ń bí mi sí ìwọ àti ìyá rẹ tí ẹ sọ mí di ẹyin tí a ń gbé rìn lórí òkúta. Inú sì ń bí mi sí ọ̀rọ̀ ọkùnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì yẹn. Mo rò pé kò sí ẹni tó mọ̀.

Mo dá bíró dúró. Nọ́ọ̀sì gíga pè mí.

Wọ́n ti gbé e jáde. Aṣọ funfun wà lójú rẹ̀, dókítà ní ó lọ dáadáa, lọ́la ni wọn yóò ṣí i. Mo dúró tì í. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ mi, ó ní, “Asẹ́ mi dà?”

Mo ní ó wà lọ́wọ́ mi.

Mo ti gbé e sí ojú wíńdò báyìí, mo ti gbé fóònù síwájú rẹ̀, íyápíìsì ti wà létí ìyá rẹ. Mo fẹ́ pè ọ́. Kí lẹ́tà yìí tó dé ọwọ́ rẹ, ẹ ó ti sọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Igi márààrún ni mo ń wò lójú fóònù yìí. Bó bá gé lónìí, n ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

Bàbá rẹ.